Nẹ́ẹ̀tì Ilẹ̀kùn Rẹ àti Ọwọ́ Tí Yóò Bá Ọ Dì Í Mú

Ajah,
ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àbẹ̀ní mi, ọmọ tó mọ ohùn mi kí ó tó mọ ojú mi,

Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Òógùn ọwọ́ ẹni tó gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti rọ etí ìwé náà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Mo kà á ní ìdúró, mo tún jókòó kà á. Inú mi dùn pé ẹ ti kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, pé ẹ ti ní ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sì ní ilẹ̀kùn méjì lójú ọ̀nà kan, ti pákó nínú, ti nẹ́ẹ̀tì níta. Kí ilé náà tù yín lára. Kí ẹsẹ̀ kékeré tí à ń retí wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà.

Ohun méjì lo béèrè. O ní nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn náà ti ya láti àárín dé ìsàlẹ̀, ẹ̀fọn ń wọlé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè, Káyọ̀dé ọkọ rẹ sì ní kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Kí ni kí o ṣe sí i? Lẹ́yìn náà, o béèrè ọjọ́ tí n óò dé láti wá wẹ ọmọ. Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Èkejì ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé bí mo bá dáhùn ti ilẹ̀kùn dáadáa, ọ̀rọ̀ náà yóò gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nítorí náà fara balẹ̀. Wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, na ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn sórí àpótí, kí o máa kà á díẹ̀díẹ̀.

N kò tíì sọ fún ọ bí ibí ṣe rí. O mọ ohun tó lé mi kúrò ní Ṣakí: bí n kò bá gba ìwé ẹ̀rí tuntun yìí, wọn kò ní jẹ́ kí n kọ́ni mọ́, kò sì sí bàbá rẹ láyé mọ́ tí yóò gbé ìdajì ẹrù. Nígbà tí mo ń bọ̀, Èkó aláriwo ni mo ń rò. Ajah kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ibi tó sùn lọ sétí omi tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì jí. Níbi tí tiwa ti jẹ́ erùpẹ̀ pupa, yanrìn funfun ni tiwọn. Igi àgbọn fara ti ara wọn bí àwọn obìnrin ilé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀sà wà ní apá kan, òkun wà ní apá kejì; bí afẹ́fẹ́ bá yí padà ní ìrọ̀lẹ́, wàá máa gbọ́ òkun bí ẹni tó ń mí nínú yàrá kejì. Bí o bá gba ọ̀nà ńlá tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí o kọjá Ṣàngótẹ̀dó, o lè lọ títí kí o má rí ju lékèélékèé lọ, àti ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí, tí koríko ti hù nínú pálọ̀ wọn. Nígbà míì mo máa ń rò pé àlá ni mo ń lá, pé bí mo bá jí, n óò gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìnkùlé wa, níbi tí o ti ń lé adìyẹ.

Yàrá tí mo gbà wà lẹ́yìn ilé Àlàájà, ìyá àgbà kan tí ilẹ̀ ìdílé wọn lọ láti etí ọ̀sà dé ojú ọ̀nà ńlá kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ilẹ̀kùn yàrá mi jẹ́ méjì bíi tìrẹ, ti nẹ́ẹ̀tì yẹn sì ni ọ̀rẹ́ tí mo kọ́kọ́ ní níbí. O mọ̀ mí. Ojú máa ń tì mí láàárín àwọn tí n kò mọ̀. Ní kíláàsì, àwọn ọmọ tí mo lè bí ló yí mi ká, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ náà tẹ̀ lé mi délé, gbogbo ayálégbé sì gbà á lò. Bí mo bá ti dé, n óò jókòó sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, n óò máa wo àgbàlá. Ohun gbogbo á fẹ́lẹ́, á dà bí ohun tí wọ́n fi èéfín bò: aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, àwọn adìyẹ, obìnrin tó ń pọn omi. Mo mọ ìrìn gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé awakọ̀ tó wà ní yàrá iwájú máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ bí ó bá pẹ́ dé, kí ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́. Mo mọ̀ pé Àlàájà ń bá ewúrẹ́ wọn sọ̀rọ̀ tútù ju bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ. Èmi ń wò wọ́n, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó ń wo èmi. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ewúrẹ́ yẹn náà ló ya nẹ́ẹ̀tì mi. Òórùn èèpo iṣu ló fà á. Mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo bá orí rẹ̀ nínú yàrá, ìdí rẹ̀ níta, ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, ó fi ìwo fa nẹ́ẹ̀tì náà ya dé ilẹ̀. Ó yẹ kí n lọ sọ fún Àlàájà. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mo dé, mo gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, mo sì yí padà. Mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Èyí ni ìmọ̀ràn kìíní, Àbẹ̀ní: má rán an, má sì jẹ́ kí Káyọ̀dé lẹ̀ ẹ́. Nẹ́ẹ̀tì tó ti gbó kò gba abẹ́rẹ́. Gbogbo ojú ibi tí mo ti gún un ló di ojú ihò tuntun, nígbà tí ó sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ibi tó ya náà ti gùn ju èyí tí ewúrẹ́ ya lọ. Ihò tí ìka kan lè dí, a lè wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó ti ya dé ilẹ̀, ṣe ni kí o tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó máa ń dunni láti tú ohun tó ṣì dára lápá kan, ṣùgbọ́n apá tó dára yẹn kò ní lé ẹ̀fọn kan ṣoṣo.

Mo wá lọ ra tuntun. Ní ọjà Ajah, nítòsí mọ́ṣáláṣí, Àáfà kan wà tó ń ta ìṣó, kọ́kọ́rọ́ àti nẹ́ẹ̀tì, ọmọkùnrin tí kò lè ju Káyọ̀dé lọ. Ó na oríṣi méjì sílẹ̀, onírin àti onírọ́bà, ó bi mí bóyá ilé mi súnmọ́ omi. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá àlejò ni mí ni. Mo gbójú sókè, mo ní, “Mo ti pẹ́ ní Ajah. Onírin ni kí o gé fún mi.” Ní Ṣakí, ta ni yóò ra rọ́bà níbi tí irin wà? Eku ni ọ̀tá tiwa, eku kì í jẹ irin. Ó wò mí díẹ̀, ó gé e, ó ká a fún mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òkun ń jẹ irin. Afẹ́fẹ́ ibí gbé iyọ̀ dání, o kàn lè fi ahọ́n kan ètè rẹ ní òwúrọ̀ kí o tọ́ ọ wò. Kí òjò ọdún náà tó dá, nẹ́ẹ̀tì onírin mi ti pupa bí erùpẹ̀ ilé wa. Mo ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìgbálẹ̀ kàn án, ó sì wó lulẹ̀ bí ìwé tó ti jóná. Mo padà sọ́dọ̀ Àáfà. Kò fi mí ṣẹlẹ́yà láàárín ọjà. Ó kàn dìde, ó fi ara balẹ̀ gbọn eruku kúrò lórí àga fún mi, ó ní, “Ìyá tó ti pẹ́ ní Ajah, ẹ káàbọ̀.”

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kejì: má ṣe fi ara rẹ pe onílé níbi tí o ti jẹ́ àlejò. Kò sí ìtìjú nínú kí o sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Má sì ra onírọ́bà torí pé èmi rà á gbẹ̀yìn. Òkun kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bóyá irin ló dára fún ọ, bóyá eku ló pọ̀ lágbègbè yín, n kò mọ̀. Ẹni tó ti pẹ́ ní àdúgbò yẹn ni yóò mọ̀. O mọ ẹni tí mò ń sọ. Má tíì ya ojú kúrò lára ìwé yìí.

Bí o bá ti rà á, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Yíká férémù ilẹ̀kùn náà, wàá rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi tẹ etí nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Ki ẹnu ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ṣẹ́, torí wàá tún lò ó. Yọ ìṣó àtijọ́, gbá eruku inú férémù náà. Gé nẹ́ẹ̀tì tuntun kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan tóbi ju férémù lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá gé e ṣe rẹ́gí ti gé e kù. Láti òkè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kan àárín òkè lákọ̀ọ́kọ́, kí o máa lọ sí igun ọ̀tún àti igun òsì. Lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Dá igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà padà, kí o wá gé èyí tó ṣẹ́kù dànù. Má fà á le jù, torí yóò tẹ férémù, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́. Má sì jẹ́ kí ó dẹ̀.

Ìsàlẹ̀ yẹn ni ó ti kọjá agbára ẹnì kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú kí ó nà, kí ẹnì kejì kàn án. Ìwọ pẹ̀lú ikùn rẹ, o kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ débẹ̀. Onírin tí mo kọ́kọ́ rà le, mo dá a kàn; onírọ́bà yìí rọ̀, èmi kò sì fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni. Mo kan òkè, mo wá fi eyín di etí nẹ́ẹ̀tì mú, mo fi orúnkún tẹ ilẹ̀kùn, mo mú hámà lọ́wọ́ kan àti ìṣó lọ́wọ́ kejì. Bí mo bá kan igun kan, igun kejì á sún kì. Àárín rẹ̀ wá hunjọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ìgbà tí mo wà bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ bàtà Àlàájà lórí yanrìn.

Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, ebi ń pa ọ́ tó bẹ́ẹ̀?”

N kò lè dáhùn, nẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu mi. Kí n tó tú u sílẹ̀, wọ́n ti ká ìró wọn sókè, wọ́n ti jókòó sórí yanrìn níta ilẹ̀kùn, wọ́n di ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní kí n tú ìṣó ẹ̀gbẹ́ yẹn, iṣẹ́ ìkánjú ni. Èmi wà nínú, àwọn wà níta, nẹ́ẹ̀tì tuntun náà wà láàárín wa. Aláwọ̀ ewé ni; oòrùn ọ̀sán gba inú rẹ̀ kọjá, ojú wọn sì dà bí ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi. N kò tíì súnmọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí ilà wẹ́wẹ́ tó wà létí ojú wọn, ilà ẹni tó ti rẹ́rìn-ín púpọ̀ láyé, ẹ̀rín tí mo rò pé wọn kò ní.

Wọ́n béèrè nípa àpò tí mo dì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni, mo ti di àpò. Mo ti sọ fún olùkọ́ wa pé mò ń lọ, pé ọmọ mi fẹ́ bímọ. Àbẹ̀ní, ìdánwò wa bọ́ sí oṣù tí o fẹ́ bí, bí mo bá sì fi í sílẹ̀, wọn kò ní gbà mí padà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì di àpò náà. Mo ń sọ fún ara mi pé ìfẹ́ rẹ ló ń pè mí. Ìfẹ́ rẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdánìkanwà ló di àpò.

Mo sọ fún Àlàájà pé mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún ọ. Wọ́n béèrè bóyá ọkọ rẹ kò ní ìyá. Mo ní ó ní. Wọ́n béèrè ibi tí ìyá náà ń gbé. Mo ní ìlú kan náà, kò tilẹ̀ jìnnà sílé yín. Wọ́n wá béèrè ohun tó ṣe tí o kò fi lè pe ìyá náà. Mo ní ojú ń tì ọ́.

Wọ́n tú ọwọ́ kan sílẹ̀, wọ́n fi nu ojú nínú ẹ̀rín. “Ìwọ àti ọmọ rẹ, ta ló kọ́ yín láti máa wo ènìyàn láti ojú ihò? Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ti tan àtùpà sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì yìí, ìwọ kò rí wa mọ́, àwa ló ń rí ọ? Gbogbo ìgbà tí o ń sunkún lé ìwé lórí, ojú wa ló ń ṣe.”

Mo béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn.

“Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn ẹni tí kì í kí ènìyàn? A ní ìwé ti wọ̀ ọ́ lára, o kò rò pé a tó ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀.” Wọ́n tún di ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì mú. “Kàn án. Ọwọ́ mi kì í ṣe igi.”

Mo kàn án. Ó nà geere, kò sí ìhunjọ kankan.

Ọmọ mi, mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mi lọ. Èmi ń rò pé wọ́n kórìíra mi. Àwọn ń rò pé mo ń gbéra ga. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, a sì gbé e bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà òjò. Mo wá mú lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. O kọ ọ́ pé ìyá ọkọ rẹ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá ní òwúrọ̀, o gbà á lẹ́nu ọ̀nà, o dúpẹ́, o sì wọlé lọ. O ní o wò wọ́n láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi lọ, pé wọ́n dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà, pé bóyá àlébù ilé rẹ ni wọ́n ń wò. Àbẹ̀ní, bóyá ńṣe ni wọ́n ń dúró kí o pè wọ́n padà.

Ìmọ̀ràn kẹta nìyí, òun sì ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí fún. Lọ sílé wọn fúnra rẹ. Má rán Káyọ̀dé. Ìránṣẹ́ kì í mọ ibi tó yẹ kí ohùn ti rọ̀. Ọ̀sán ni kí o lọ, kí o kúnlẹ̀ ní ìwọ̀nba tí ikùn bá gbà, wọn yóò ní kí o dìde. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ. Sọ pé, “Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò yìí, n kò mọ èyí tí n óò rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di nẹ́ẹ̀tì mú.” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Gbé àga rere sílẹ̀ fún wọn. Jẹ́ kí Káyọ̀dé máa lo hámà, kí ìyá rẹ̀ di ìsàlẹ̀ mú, kí ìwọ máa na ìṣó fún wọn. Nígbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu á rọrùn. Bi wọ́n bí Káyọ̀dé ṣe rí ní kékeré, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bóyá ó máa ń ké. Ìyá kankan kò sí tí kò fẹ́ sọ ìyẹn. Bí wọ́n bá sì rí àṣìṣe rẹ, tí wọ́n sọ ọ́, má tètè dáhùn. Gbé e mì, wàá rí i pé kò korò tó bí o ṣe rò.

Mo mọ̀ pé o ti mọ ohun tó kàn báyìí. N kò ní wà níbẹ̀ fún ìwẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ti tú àpò náà. Mo lọ bá olùkọ́ wa, mo ní mo ti yí èrò mi padà, n óò ṣe ìdánwò mi. Mo kọ gbólóhùn yìí, mo gbé bírò sílẹ̀, mo lọ dúró lójú ọ̀nà kí n tó lè padà wá parí rẹ̀. Bí inú bá bí ọ, jẹ́ kí ó bí ọ, ó tọ́ sí ọ. Ìyá rẹ ló yẹ kí ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá báyìí, ìyá tó ti sá ni yóò wá bá ọ, yóò jókòó sí igun ilé rẹ, yóò máa jẹun rẹ, ìwọ yóò sì máa bọ́ ọmọ méjì. Bí mo bá ṣe ìdánwò yìí tán, n óò gba ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó gba Ṣakí, n óò sì gbé ọmọ pọ̀n títí wàá fi bẹ̀ mí pé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Má ṣe dààmú nípa mi. Mo ti ń kí ènìyàn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kí awakọ̀ iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àlàájà ń gbé ẹja ọ̀sà wá, wọ́n ń jókòó kí n máa ka ìwé mi sókè fún wọn, wọ́n sì máa ń sùn lọ láàárín rẹ̀. N óò máa kà á lọ bẹ́ẹ̀, òkun á máa mí lọ́ọ̀ọ́kán, n kò ní mọ èyí tó jẹ́ ohùn mi mọ́.

Ohun kan ló kù, mo sì fẹ́ kí o ṣe é bí mo ṣe wí gan-an. Bí ó bá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi náà ní oríkì tí mo fẹ́ fún ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àsàkẹ́ ni; bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àlàó. Má kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni kà, ìwọ náà má sì kọ́kọ́ pè é. Gbé ọmọ náà fún ìyá ọkọ rẹ, sọ oríkì náà fún wọn, kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹnu súnmọ́ etí rẹ̀, kí wọ́n pè é ní orúkọ tí mo fún un, kí wọ́n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ àgbà kan tó wà létí òkun ló ní kí àwọn bá òun pè é bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, èmi náà ti dé.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó ń fi gbogbo ara ronú rẹ.